Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Gómìnà mẹ́fà: ẹ ka pàǹtírí olóró kí ẹ tó wá ilẹ̀ tí ẹ ó kó o sí

Sí ẹ̀yin Ọlọ́lájùlọ, Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà tí ọ̀rọ̀ àyíká wà ní ìkáwọ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá orí wa. Olódùmarè á máa fún yín ní ọgbọ́n àti okun.

Ilé iṣẹ́ ń ṣí ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ sì ń kéde iye owó àti iye iṣẹ́ tí wọn yóò mú wá. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó gbé ìwé ètò kan jáde fún ará ìlú, tó sọ iye pàǹtírí olóró tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń dà sílẹ̀, ibi tí yóò lọ, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti kógbá sílé. Níbi tí kò bá ti sí ètò, ètò mìíràn ti wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé: ọkọ̀ á dé lóru, á da ẹrù sí kòtò tí wọ́n ti wa yanrìn rẹ̀ tán, tàbí kí ó pò ó mọ́ ìdọ̀tí ilé lọ sí àkìtàn gbogboogbò.

Kí ó má baà di ìjà ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí à ń wí. A kò sọ̀rọ̀ ewé ẹ̀kọ àti ọ̀rá omi. Òjé àti ásíìdì inú bátìrì là ń wí, epo inú tiransifọ́mà àtijọ́, oògùn apakòkòrò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹrẹ̀ tó ń kù nísàlẹ̀ kòtò omi ilé iṣẹ́ tó ń fi irin dán irin, eérú inú fìlítà ilé ìyọ́rin, àti tẹlifísàn tọ́kunbọ̀ tí wọ́n fọ́ yọ wáyà.

1. Ẹ̀rí kò jìnnà.

Ní 1988, wọ́n bá àwọn dúrọ́ọ̀mù pàǹtírí olóró láti Ítálì nínú àgbàlá ẹnì kan ní Kókò, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tó ti bọ́ sí Delta báyìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ni. Àwọn kan nínú dúrọ́ọ̀mù náà ti wú, àwọn kan ti ń jò. Ọdún náà gan-an ni ìjọba ológun gbé òfin kejìlélógójì jáde, tó fi ẹ̀wọ̀n gbére lé ẹni tó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé tàbí tó dà á sórí ilẹ̀ wa. Òfin náà dára. Ó sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dà á sí. Kò sọ ibi tí èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe yóò lọ.

Èyí tí a fọwọ́ ara wa ṣe wà ní Olódó, lẹ́yìn Ìbàdàn. Ìdàrọ́ láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ni wọ́n kó dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé tó pọ̀ kọjá ààlà nínú rẹ̀. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òjé ti wọ inú ilẹ̀, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí àwọn ilé ìyọ́ bátìrì. Ní oṣù kẹta 2018, iná sọ ní àkìtàn Olúsósùn l'Ékòó, èéfín sì bo àdúgbò, nítorí pé gbogbo ohun tí ìlú ń dànù ló ti para pọ̀ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

2. Ẹ kà á kí ẹ tó wá ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń wọ́ nìyí. Wọ́n á ti gbé hẹ́kítà ilẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á ti pe oníròyìn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ni yóò dé síbẹ̀ lọ́dún tàbí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bí ibẹ̀ bá kéré jù, á kún ní ọdún mélòó kan, ẹrù yóò sì padà sí ojú òru. Bí ó bá tóbi jù, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù kò ní tó sanwó òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbà.

Kíkà kò le. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀wọ́ pàǹtírí tó ń mú jáde sílẹ̀: irú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ lóṣooṣù, bóyá omi ni, ẹrẹ̀ ni, tàbí ohun gbígbẹ, àti ọkọ̀ tó ń kó o. Ẹ má gba ìwé náà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fi ohun tó wọlé wọn ohun tó jáde. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo bátìrì mọ́tò ni òjé. Ike, ásíìdì àti àwọn èròjà mìíràn ni ìyókù. Ilé iṣẹ́ tó bá yọ́ ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù bátìrì, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ní ìdàrọ́, irọ́ ló ń pa. Kò sí ààrò tí kì í ní ìdàrọ́. Ẹ bi í pé níbo ló kó o sí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣírò ọdún 20 síwájú. Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tún òfin ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ olóró wọn ṣe ní 1986, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi hàn pé òun ní àyè tó lè gba pàǹtírí olóró tòun fún ogún ọdún, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ fi tún ilẹ̀ ṣe. Wọ́n sì gbà kí ìpínlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣe àdéhùn láàrin ara wọn. Ìyẹn gan-an ló bá yín mu. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà kò nílò ibi mẹ́fà. Èkó ní ilé iṣẹ́ púpọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ rẹ̀ kò tó. Kò jọ pé Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní pàǹtírí tó lè bọ́ irú ibẹ̀. Àjọ DAWN, àjọ ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ jọ dá sílẹ̀, wà ní Cocoa House n'Íbàdàn. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

3. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ.

Ilẹ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ásíìdì bátìrì kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá: láìmù, ìyẹn ẹfun sísun, ni wọ́n fi ń pa á, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú omi, títí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bó ṣe kan tó, yóò fi wà láàrin 6 sí 9. Ẹni tó bá sáré dà á, á hó sókè sí i lójú. Ẹrẹ̀ tó bá kù ṣì ní òjé nínú, nítorí náà wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á sì po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn kó lè dì. Ìdánwò wà fún èyí: wọ́n á gbé e sínú omi kíkan, wọ́n á máa yí i fún wákàtí 18. Bí òjé tó jáde bá tó mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, pàǹtírí olóró ló ṣì jẹ́ lábẹ́ ìlànà Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìdánwò yìí kò tóbi ju fìríìjì kékeré lọ.

Epo tiransifọ́mà tó ní PCB, kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ iná àtijọ́, àti oògùn apakòkòrò àtijọ́ nílò iná. Iná gidi, kì í ṣe ti inú dúrọ́ọ̀mù. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni pé kí ooru tó ìwọ̀n 1,100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí èéfín sì wà nínú ooru náà fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ó kéré tán. Bí ooru bá rẹlẹ̀, epo náà lè mú olóró tí wọ́n ń pè ní dioxin jáde, èyí tó burú ju ohun tí wọ́n ń sun lọ. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀, tó ní kí lílo PCB nínú ẹ̀rọ parí ní 2025, kí pípa á run sì parí ní 2028. Ọjọ́ ti lọ.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìsun tuntun, ẹ rántí pé ààrò sìmẹ́ǹtì wà ní Ewékorò, Ṣágámù àti Ibeṣè, òkúta inú wọn sì ń gbóná dé nǹkan bí 1,450. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ lè sun epo àti oògùn kan bí wọ́n bá kọ́kọ́ dán an wò lójú olùṣọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Mẹ́kúrì ni kí wọ́n má gbé dé ibẹ̀: ojú sánmà ni yóò gbà lọ.

4. Ọ̀nà tí a fi ń yan ilẹ̀.

Àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin, ni àwọn àgbà wí, ó sì dà bíi pé òwe yìí ni àwọn kan fi ń ṣe ìlànà: kí wọ́n wá ibi tí ìdọ̀tí ti wà tẹ́lẹ̀, tàbí ibi tí ará ibẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi olóró kún un. Ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1982. Àgbègbè Warren, níbi tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ni wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tó ní PCB lọ, bẹ́ẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìn. Ará ìlú dùbúlẹ̀ sójú títì, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 500, iyẹ̀pẹ̀ sì wọlé síbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba tún ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 dọ́là láti fọ iyẹ̀pẹ̀ kan náà mọ́.

Ìlànà tó tọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ ibi tí kò ṣeé ṣe, kí ẹ tó yan èyí tó ṣeé ṣe. Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀, kí ẹ sì máa pa ibi wọ̀nyí rẹ́.

Ẹ pa orísun omi mímu rẹ́. Omi ìdídò Ọyán ń bọ́ sí odò Ògùn, odò Ògùn ni Abẹ́òkúta ń mu, òun náà ni Ìjù àti Àdìyàn ń fà fún Èkó. Ìbàdàn ń mu Aṣéjíre àti Ẹlẹ́yẹlé. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn lọ síbẹ̀ kò yẹ kó sí nínú ìwé yín.

Ẹ pa ibi tí omíyalé ti dé rẹ́. Ògùnpa ya ní 1980, omi tún kó Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ 2011. Ẹni tó bá ní omi kò lè padà síbẹ̀, ẹ ní kó wá fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkúta abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Èkó àti gúúsù Ògùn jẹ́ yanrìn etíkun. Omi ń rìn nínú yanrìn tó dára ní ìwọ̀n mítà lóòjọ́. Nínú amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tó bá ìlànà mu, ohun tó lè là á kọjá kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3 lọ́dún. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Òkúta ẹfun Ewékorò ní ihò àti ojú là nínú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí omi tó bá wọ inú rẹ̀ yóò ti yọ. Lórí òkúta ẹfun yìí, ní àwọn ibì kan, amọ̀ dúdú tó ti dì wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Akínbọ̀. Òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n ẹ gbẹ́ ẹ wò, nítorí pé ó fẹ́lẹ́ ní ibì kan, omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gòkè lọ sí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ rírà sì bò ó. Kànga wa wà nínú iyẹ̀pẹ̀ rírà yẹn, kànga ẹ̀rọ wa wà nínú ojú tí àpáta là. Níbẹ̀, ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá nípọn tó sì jẹ́ amọ̀ nìkan ló lè kópa nínú ìdíje yìí.

Ọ̀rọ̀ kan lórí kòtò òkúta tí wọ́n ti fọ́ tán, nítorí òun ló máa ń wu àwọn oníṣirò owó jù: kòtò ti wà nílẹ̀, kò sí owó gbígbẹ́. Ẹ sá fún un. Àdó tí wọ́n fi fọ́ òkúta ti la ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sí iyẹ̀pẹ̀ tó lè sẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń dúró sínú rẹ̀ bí adágún.

Àwọn ibi méjì tàbí mẹ́ta tó bá ṣẹ́kù ni kí ẹ wá gbẹ́ ihò ìdánwò sí, kí ẹ sì wọn omi inú wọn ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Ẹni tó bá wọn omi ní oṣù kejì nìkan yóò rí i pé ó jìn. Kó padà lóṣù kẹsàn-án.

Àṣà kan tún wà tí a kò fẹ́: gbígbé ohun tó ń rùn lọ sí ẹnubodè, kí aládùúgbò lè bá wa gbóòórùn rẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ kejì fọwọ́ sí ibi tí ẹ bá yàn lẹ́bàá ilẹ̀ rẹ̀.

5. Kíkọ́ rẹ̀, níbi tí òjò ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Òjò mílímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ omi lítà 10,000. Òjò ńlá ọ̀sán kan, mílímítà 80, á da lítà 800,000 sórí hẹ́kítà kan tó ṣí sílẹ̀. Tánkà ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lítà mẹ́rìnlélógún kò ní kó o tán. Gbogbo omi tó bá kan pàǹtírí ti di olóró pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí kòtò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ má ju ìdá kan nínú mẹ́rin hẹ́kítà lọ, kí òrùlé wà lórí rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí kòtò mìíràn sì yí i ká tí yóò darí omi òjò mímọ́ gba ibòmíràn. Àwòrán tí wọ́n bá mú wá láti ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó tiwa, ẹ dá a padà.

Ìsàlẹ̀ kòtò gbọ́dọ̀ ní ìpele méjì: ọ̀rá nínípọn tí wọ́n ń pè ní HDPE lókè, ibi tí a fi ń mọ̀ bóyá ó ń jò sí àárín, ọ̀rá kejì nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí amọ̀ títẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 90. Ìpele kéékèèké, sẹ̀ntímítà 15 sí 20, ni wọ́n ń tẹ amọ̀ náà. Bí ó bá gbẹ jù, ògúlùtu rẹ̀ kò ní para pọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìbò, á là. Ọ̀rá náà ni kí wọ́n máa lẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí tí oòrùn bá mú un, á nà, á ká jọ, ojú ìlẹ̀ á sì bàjẹ́. Ojú ìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí láti dán an wò, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Omi tó bá sun sísàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ntímítà 30 lọ lórí ọ̀rá. Ẹ̀rọ ni yóò fà á jáde, ẹ̀rọ sì nílò iná. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ibi tí kò bá ní jẹnẹrétọ̀ méjì àti epo ọ̀sẹ̀ kan nípamọ́ kò yẹ fún ìwé àṣẹ.

Kànga ìṣọ́ kan ní òkè ibi tí omi ń gbà wá, mẹ́ta ó kéré tán ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún kìíní. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹrù kìíní tó wọlé, nítorí láìsí èyí, ilé iṣẹ́ á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni omi náà ṣe wà.

6. Òfin ti wà. Ẹ tẹ̀lé e.

Òfin EIA ti 1992, tó dá lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan yóò ṣe sí àyíká, ka ibi ìkópamọ́, ibi ìsun àti ilẹ̀ ìsin pàǹtírí olóró mọ́ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò kíkún. Ìjọba àpapọ̀ máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó nípọn bíi Bíbélì, inú ọ́fíìsì ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ẹ kọ kókó rẹ̀ ní Yorùbá, ojú ewé mẹ́wàá, pẹ̀lú èsì ihò ìdánwò gbogbo, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ààfin, ọjà àti ilé ìwé tó wà nítòsí. Ìbuwọ́lù baálẹ̀ nìkan kì í ṣe ìfọwọ́sí ìlú.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fẹ́ sọ pé ti NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ òfin àyíká, ni, ti ìjọba àpapọ̀ ni, a ó rán yín létí pé òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà.

7. Owó.

Òfin ilẹ̀ yẹn kan náà ń san owó irè oko àti ilé tó wà lórí ilẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jámọ́ fún ọmọ onílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Kò tó. Kí ìdá kan nínú owó orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ sí àpò ìlú tó gbà á lálejò, kí wọ́n sì máa yẹ kànga wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Kí ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣàkóso ibẹ̀ fi owó ìtọ́jú ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn títì sí báńkì, lábẹ́ orúkọ méjì, kí ìwé àṣẹ tó jáde. Bí wọ́n bá ti béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé ilé iṣẹ́ bátìrì yẹn, ìdàrọ́ Olódó ìbá ní ẹni tí yóò kó o.

8. Ohun tí a ń béèrè.

Láàrin oṣù mẹ́ta: kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń mú pàǹtírí olóró jáde síta, pẹ̀lú irú rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "àṣírí òwò" bò ó. Kò sí àṣírí kankan nínú ìdàrọ́.

Láàrin oṣù mẹ́fà: ìwé ètò ọdún 20 kan ṣoṣo fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti máàpù àwọn ibi tí ẹ ti pa rẹ́, kí ó tó di pé orúkọ ìlú kankan jáde.

Láti ọ̀la lọ: ìwé ìtọpa ẹrù, ẹ̀dà mẹ́rin, fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fún ẹni tó ni ẹrù, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ibi tó ń lọ, èyí tó kẹ́yìn fún ìjọba. Bí ẹ̀dà ibi tó ń lọ kò bá padà sọ́dọ̀ yín láàrin ọjọ́ 30, ẹ lọ wá ọkọ̀ náà.

Títí ibẹ̀ yóò fi parí, kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pa tirẹ̀ mọ́ sábẹ́ òrùlé, lórí kọnkéré tó ní ìdènà yí ká tó lè gba gbogbo omi inú dúrọ́ọ̀mù tó tóbi jù níbẹ̀ bó bá bẹ́. Ásíìdì sí ọ̀tọ̀, sáyánáìdì sí ọ̀tọ̀, kí ògiri sì wà láàrin wọn: bí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ tó máa jáde yóò pa ẹni tó bá wà nínú yàrá.

À ń retí èsì yín ní gbangba, bí a ṣe kọ èyí ní gbangba.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ilẹ̀, omi àti kẹ́míkà ní ilẹ̀ Yorùbá